Lórí Àwọ̀n Tí Dókítà Fẹ́ Fi Sí Ọ Lára

Ọ̀yọ́,
ọ̀sán ọjọ́ Àìkú.

Wàsíù Àlàbí ọmọ mi,

Mo ti kí ọ lórí fóònù lánàá, mo ti béèrè ilé, mo ti béèrè iṣẹ́, mo ti béèrè ìyàwó. Mi ò ní fi ìwé ṣòfò lórí ìyẹn mọ́. Ó rẹ̀ mí. Kì í ṣe iṣẹ́ ló rẹ̀ mí o. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́jọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kò rẹ̀ mí bí kí n máa pe ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lójoojúmọ́, kó máa dá mi lóhùn pé, "Mọ́mì, mo ṣì ń rò ó."

Rúkáyà pè mí ní ọjọ́ Jímọ̀. Má bínú sí i. Ó ní o bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ gbé àpò àgbàdo, ìpá náà yọ, kò padà wọlé. Ó ní o dùbúlẹ̀ sórí àpò fún bí ìdajì wákàtí, ò ń fi ọwọ́ tì í díẹ̀díẹ̀, òógùn bò ọ́, kó tó wọlé. Nígbà tí o délé, o ní kó má sọ fún mi. Ó sì sọ fún mi. Ìyàwó gidi lo fẹ́.

Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ọ́ ṣe alábòójútó ilé ìlọ oúnjẹ adìyẹ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọsibítù ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún ọ. Ẹ̀kíní, o ní o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, pé ẹni tuntun kì í tọrọ ìsinmi. Ẹ̀kejì, o ò tilẹ̀ rí àwáwí kankan sọ. Àná tí mo wá tẹnu mọ́ ọn lo tó jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó wà níkùn rẹ: "Mọ́mì, wọ́n fẹ́ fi àwọ̀n sí i. Ṣé ẹ ò rántí ohun tí àwọ̀n ṣe fún Bùọ̀dá Tájù ni?"

Fóònù wá gé. O pè padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, o kọ ọ́ ránṣẹ́ pé nẹ́tíwọ̀kì ni. Kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Èmi ni mo pa fóònù, nítorí kò sí bí mo ṣe lè dá ọ lóhùn kí n má jẹ́wọ́ ohun kan tí mo ti fi pamọ́ láti ìgbà tí o wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú ìwé, kí o lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, màá sọ ohun tí mo mọ̀ nípa àwọ̀n yìí, màá sọ ohun tí mi ò mọ̀, ìwọ náà á wá ṣe ìpinnu rẹ bí ọkùnrin.

Ìtàn Tájù àbúrò mi, bí ẹbí ṣe mọ̀ ọ́n nìyí: ó ní ìpá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un níhìn-ín ní Ọ̀yọ́, wọ́n fi àwọ̀n dí ojú ibẹ̀, ara rẹ̀ kò gbà á, egbò kẹ̀, ọyún ń jáde fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n tún là á, wọ́n yọ àwọ̀n náà, iṣẹ́ bíríkìlà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ fún yín bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ níbi ìkómọ, mo sọ ọ́ níbi àdúà ogójì ọjọ́, mo sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà tó wá gba aṣọ. Mo ní, "Wọ́n lọ ki rọ́bà bọ inú ènìyàn, kí ni wọ́n rò pé ó máa ṣẹlẹ̀?" Ìwọ àti àwọn àbúrò rẹ ń jẹun lórí ẹní, ẹ ń gbọ́.

Èyí tí mi ò sọ rèé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìmọ̀ okòwò tán ní póólì nígbà náà, àgbàlagbà tó lọ jókòó láàárín àwọn ọmọdé. Gbogbo nǹkan ni mo fẹ́ fi ètò ṣe. Tájù fẹ́ dúró kí ilé tó ń kọ́ lọ́wọ́ dé orí fèrèsé kó tó lọ, mo ní kò sí ìdúró. Mo ṣí fáìlì fún un, mo lọ bá ọsibítù mú ọjọ́, mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ mú un níbi iṣẹ́ tòun ti sìmẹ́ńtì lẹ́sẹ̀. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń rọra sọ̀rọ̀, gbé àga fún wa. Ó ní òun fẹ́ ṣàlàyé ọ̀nà méjì tí iṣẹ́ náà lè gbà. Tájù la ẹnu pé òun fẹ́ béèrè nǹkan. Mo dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe èyí tó bá dára jù. Ẹ̀yin lẹ kàwé rẹ̀."

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo rò pé bí nǹkan bá ti ń yára, ó ti ń lọ dáadáa nìyẹn.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí a fẹ́ kúrò, dókítà fún mi ní ìwé kan: kí omi má kan ojú egbò títí òun yóò fi tún rí i, kí ó má gbé ẹrù. Mo kà á, mo kì í bọ fáìlì. Nígbà tí a délé, Ìyá Àgbà ti ń dúró dè wá pẹ̀lú kẹ́tùlù àti tówẹ̀lì.

O mọ ohun tí à ń ṣe fún obìnrin tó bá bímọ. Omi gbígbóná, tówẹ̀lì, kí wọ́n tẹ ikùn rẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó dì má bàa jókòó sínú. Lójú Ìyá Àgbà, ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ àti ẹni tó bímọ, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mo ní, "Ìyá, dókítà ní kí omi má kàn án."

Ó ní, "Dókítà wo? Ọmọ kékeré yẹn? Ó ti bímọ rí?"

"Ìyá, ó wà nínú ìwé."

"Ìwé ló bí Tájù ni? Ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ ńkọ́, ṣé ìwé ló máa fà á jáde?"

Tájù tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ di ikùn nítorí ẹ̀rín náà ń dùn ún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ mí. Ẹ kàn bá mi wá orúkọ tí a máa sọ ọmọ náà."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n àríyànjiyàn máa ń sú mi, mo sì ní aṣọ iléèwé tó yẹ kí n kó jáde lọ́la. Mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo mú páálí, mo fa ìlà sí i, mo kọ ọ́: àárọ̀, Ìyá, ìrọ̀lẹ́, èmi. Mo fi ìṣó kàn án mọ́ ilẹ̀kùn. Ọjọ́ márùn-ún gbáko, Àlàbí, a kò pa ìgbà kan ṣoṣo jẹ. Èmi tí mo ka ìwé dókítà ni mo ń gbé omi kaná ní ìrọ̀lẹ́. Mo tilẹ̀ ń kìlọ̀ pé kí ó gbóná dáadáa.

Ọjọ́ kẹfà, ibà dé. Ojú egbò wú, ó pọ́n, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde níbẹ̀. A gbé e padà sí ọsibítù.

Dókítà ṣí egbò náà, ó wò ó pẹ́. Ó gbé ojú sókè wò mí. Ó ní, "Mà, ṣé omi kan ibí yìí?"

Ìyá Àgbà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìborùn rẹ̀ lọ́wọ́. Mo wo ojú dókítà, mo ní, "Rárá."

Ó tún bi mí, ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà, òun fẹ́ mọ bí òun ṣe máa tọ́jú rẹ̀ ni. Mo ní, "Mo ní rárá, dókítà. Àwọ̀n tí ẹ fi sí i ni kí ẹ lọ wò." Mo pariwo. Àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì mìíràn yíjú sí wa. Ọmọkùnrin náà kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Mi ò lè sọ fún ọ pé nítorí Ìyá Àgbà nìkan ni. Lóòótọ́, mi ò fẹ́ kí ó gbọ́ láàárín èrò pé ọwọ́ òun ló ba ọmọ òun jẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi olófin ètò ni mo kọ páálí yẹn pẹ̀lú. Irọ́ náà wá nílò ẹni tí yóò rù ú. Àwọ̀n ni mo gbé e rù, torí kò lè fèsì.

Gbọ́ o, mi ò lè búra pé omi yẹn nìkan ló fà á. Kòkòrò máa ń wọ egbò iṣẹ́ abẹ nígbà mìíràn tí gbogbo ènìyàn ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, bó bá sì ti ràn dé ara àwọ̀n, ó lè di dandan kí wọ́n yọ ọ́. Ewu náà kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi dẹ́rù bà ọ́ láti kékeré, ìdajì rẹ̀ ni mo sọ. Ìdajì yòókù ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ìyá Àgbà ti lọ bá Ọlọ́run, kò sí ẹni tí mo ń dáàbò bò mọ́ àfi ara mi, ìyẹn náà sì ti sú mi.

Ó ku àwọn ìmọ̀ràn. Mo ní wọn lọ́wọ́, nítorí láti ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ti ń rìn kiri. Nọ́ọ̀sì kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, mo ti ń rán aṣọ fún un tipẹ́, ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Mo jókòó tì í ní àná títí ó fi ní, "Ìyá Wàsíù, ẹ jẹ́ kí n lọ kírun ná." Ohun tó sọ ló wà nísàlẹ̀, mo sì fi ojú aránṣọ túmọ̀ rẹ̀.

1. Ihò ni ìpá. Ẹran tó yẹ kó di ikùn mú ló lu, ìfun wá ń gba ibẹ̀ yọjú. Kò sí àgbo tó ń dí ihò. Bẹ́líìtì tí o rà ní Sábó kò burú, ọkùnrin tó tà á fún ọ kò sì rẹ́ ọ jẹ. Ohun tí ó wà fún ni kó di nǹkan mú, kì í ṣe kó wo nǹkan sàn. Bí o bá ń dè é kí o lè tún gbé àpò, o ń tan ara rẹ jẹ.

2. Dídúró náà jẹ́ ọ̀nà kan, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ìpá tó kéré, tí kò dunni, tó ń wọlé fúnra rẹ̀, dókítà lè ní kí a máa wò ó. Bí tìrẹ ṣe rí ní ọdún méjì sẹ́yìn nìyẹn. Ti ọjọ́ Jímọ̀ kì í ṣe irú ẹ̀ mọ́. Nọ́ọ̀sì ní bí ìfun bá há síbẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó lè kú sínú ènìyàn láàárín wákàtí díẹ̀, ẹni náà sì lè bá a lọ. Nítorí náà, kí ìwọ àti Rúkáyà há èyí sórí: bí ó bá yọ tó le, tó ń dùn, tí kò wọlé, pàápàá tí o bá ń bì tàbí tí o ò lè só, ẹ má pe mí. Ẹ má dùbúlẹ̀ sórí àpò. Ẹ má fi agbára tì í. Ọsibítù lẹ̀ ń lọ, lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kadà nìkan ló kù kí o gùn.

3. Ọ̀rọ̀ àwọ̀n gan-an. Wo aṣọ tó ya. Mo lè fa etí méjèèjì pọ̀, kí n fi òwú rán an. Aṣọ nìkan àti òwú ló wà níbẹ̀, kò sí ohun mìíràn tó wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ á máa fà, bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá sì jẹ́ ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ tó ń gbé nǹkan, ó lè tún ya létí ibi tí mo rán. Tàbí kí n gé ègé aṣọ, kí n tẹ́ ẹ sí abẹ́ ihò náà, kí n rán an mọ́ ọn yí ká. Kò ní fà. Ó máa ń pẹ́ kó tó ya. Ṣùgbọ́n mo ti fi ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ síbẹ̀, bí ègé aṣọ náà bá sì bàjẹ́, títú u le ju rírán an lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ méjèèjì. Èyí tí wọ́n fi òwú nìkan rán, ìpá ibẹ̀ máa ń padà wá ju ti aláwọ̀n lọ, ìyẹn ni nọ́ọ̀sì sọ, ó ní ojú òun ló rí i. Aláwọ̀n máa ń dúró dáadáa, ṣùgbọ́n kòkòrò lè bá a, omi lè sé sábẹ́ awọ, àwọ̀n náà lè ká jọ tàbí kó sún. Ìrora wà tí kì í lọ bọ̀rọ̀, tó lè mú ènìyàn ní ìtan tàbí ní kórópọ̀n fún oṣù tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Má rò pé àwọ̀n nìkan ló ń fa ìyẹn o, òwú lásán náà lè fà á. Mo bi í pé, "Èwo lẹ máa mú fún ọmọ yín?" Ó ní, "Ìyá Wàsíù, kò sí èyí tí kò ní tirẹ̀ nínú. Ẹ jẹ́ kó bi dókítà tó máa mú ọ̀bẹ." Inú bí mi. Mo fẹ́ ìdáhùn. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé ìdáhùn gan-an nìyẹn.

4. Èyí tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣe, tí wọ́n ń gba ihò kéékèèké wọlé. Kì í ṣe gbogbo ọsibítù ló ní in, wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ tó ń múni sùn pátápátá, wọ́n sì máa ń fi àwọ̀n sí i bákan náà. Má sá lọ síbẹ̀ pé o ń sá fún àwọ̀n.

5. Ẹni tó sọ fún ọ níbi iṣẹ́ pé àwọ̀n ẹ̀fọn ni wọ́n ń gé síni nínú: nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. Ó ní àwọn ibì kan wà tí àwọn dókítà ti dán irú rẹ̀ wò nítorí àìlówó, tí wọ́n pa kòkòrò ara rẹ̀ dáadáa, kì í ṣe pé wọ́n já a lórí bẹ́ẹ̀dì ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ń dà ọ́ láàmú, béèrè. Ní, "Dókítà, irú àwọ̀n wo ni? Ṣé inú páálí rẹ̀ ló ti ń jáde?" Kò sí dókítà gidi tí ìyẹn máa bí nínú.

Àwọn ìbéèrè yòókù rèé, kọ wọ́n sí ìwé, má gbé wọn sórí lásán: Irú ìpá tèmi yìí, èwo lẹ máa mú, kí ló dé? Mélòó nínú irú rẹ̀ lẹ ti ṣe fúnra yín? Bí mo bá ní mi ò fẹ́ àwọ̀n, ṣé ẹ mọ tòwú lásán ṣe dáadáa, àbí ẹ máa júwe ẹlòmíràn fún mi? Bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́, kí lẹ máa ṣe, ta ni mo máa pè? Ṣé ojú ibẹ̀ nìkan lẹ máa pa kú àbí mo máa sùn? Ìgbà wo ni mo lè gbé nǹkan, báwo ló ṣe máa wúwo tó? Bí ó bá sọ̀rọ̀ tí kò yé ọ, ní kó tún un sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kí ẹ tètè, pé iṣẹ́ ń dúró, sọ fún ẹni náà pé kó jókòó. Èmi ni mo ní kí o sọ bẹ́ẹ̀.

6. Sọ gbogbo ara rẹ fún dókítà. Ikọ́ tó ń bá ọ jà ní ilé ìlọ nítorí ìyẹ̀fun, sọ ọ́. Bí o bá ń tiraka kí o tó yàgbẹ́, sọ ọ́. Àgbo tí o ń mu lábẹ́lẹ̀ tí o rò pé mi ò mọ̀, sọ ọ́. Bí wọn kò bá tọ́jú ikọ́ yẹn, òwú ni o, àwọ̀n ni o, yóò tún já.

7. Sọ fún ọ̀gá rẹ. Ìpá kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́. Ẹ̀yin ọkùnrin lè máa fọ́nnu lórí gbogbo nǹkan, bó bá ti dé abẹ́ ìdodo, ẹ di odi.

8. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun tí dókítà bá kọ ni kí Rúkáyà tẹ̀ lé. Ìyá Rúkáyà á fẹ́ wá láti Ìkòyí-Ilé, obìnrin dáadáa ni, ó máa gbé àgbo àti omi gbígbóná wá nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ. Ẹ kí i tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, kí ẹ fún un ní oúnjẹ sè. Kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan egbò. Bó bá bínú, ẹ ní èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ní mo burú, mo lè gbé e. Bí nǹkan kan bá sì kan ojú egbò, omi ni, ọtí ni, ohunkóhun, tí dókítà bá béèrè, ẹ sọ òótọ́. Ẹ má wo ojú ẹnikẹ́ni.

O máa fẹ́ mọ èyí tí èmi máa mú. Bó bá jẹ́ ara mi ni, tí iṣẹ́ mi sì jẹ́ ti àpò àti ẹrù bíi tìrẹ, màá gbà kí wọ́n fi àwọ̀n sí i, lọ́wọ́ dókítà tó ti ṣe é púpọ̀. Ṣùgbọ́n ara mi kọ́. Mo ti fi ìgbà kan rí ṣe ìpinnu fún ara ẹlòmíràn.

Mi ò lè kọ gbogbo èyí kí n fi ránṣẹ́ sí ọ kí ẹni tó ni ọgbẹ́ má tíì gbọ́ ọ. Láàárọ̀ yìí mo lọ bá Tájù ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ìṣó àti páìpù. Ó gbé àga fún mi, mi ò jókòó. Mo sọ fún un: omi, páálí, ìwé dókítà, rárá tí mo sọ. Mo sọ ọ́ kíákíá bí ẹni tó ń ka ìwé ẹjọ́.

Ó ń ka ìṣó fún oníbàárà kan lọ́wọ́, ó kà á tán, ó dì í fún un, ó dúpẹ́. Ó wá kọjú sí mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni omi náà jó?"

Mo ní, "Ìwọ ni."

"Ta ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ẹ ní rárá?"

Mo ní, "Ìwọ náà ni."

Ó ní, "Ṣé ẹ rò pé etí mi ni wọ́n là ni?"

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ yìí?"

Ó ní, "Ìyá dúró síbẹ̀." Ó jókòó sórí àga tó gbé fún mi. "Lẹ́yìn náà, ẹ ti ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé, ẹ̀ ń sọ ọ́ dáadáa. Mo ní, jẹ́ kó lọ. Kò ba nǹkan kan jẹ́."

Mo wá sọ fún un pé o ti yẹ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ lẹ́ẹ̀mejì nítorí ìtàn òun. Mo sọ ti ọjọ́ Jímọ̀. Ojú rẹ̀ yí padà. Mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí, kódà nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Wàsíù? Nítorí tèmi?" Ó dìde, ó tún jókòó. Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé mi ò bẹ̀rù àwọ̀n. Bí wọ́n bá ní kí n tún fi sí i lọ́la, màá kọ́kọ́ bi wọ́n ní ohun tí ẹ ò jẹ́ kí n béèrè lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn náà màá dùbúlẹ̀." Mo bi í pé kí ló fẹ́ béèrè lọ́jọ́ náà. Ó ní òun fẹ́ béèrè bóyá òun ṣì lè máa gbé búlọ́ọ̀kù. Gbogbo ohun tó fẹ́ béèrè nìyẹn, Àlàbí. Dókítà ì bá dá a lóhùn láàárín ìṣẹ́jú kan.

Mo ní màá wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ bá ọ. Ó ní, "Rárá o. Ẹ̀yin, ẹ dúró sí Ọ̀yọ́. Èmi ni mo máa lọ." Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Mo dúró sí Ọ̀yọ́.

Nítorí náà, òun ló mú lẹ́tà yìí wá. Ọjọ́rú ni wọ́n ń rí àwọn aláìsàn ní ọ̀dọ̀ dókítà rẹ, mo ti pè wọ́n, orúkọ rẹ wà níbẹ̀. Ẹ jọ lọ. Bí o bá jáde tí o yan àwọ̀n, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Bí o bá yan òwú lásán, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Bí dókítà bá ní ìdí tó fi yẹ kí ẹ dúró díẹ̀, tó sì sọ ọjọ́ tí ìdúró náà parí, mo gbà. "Mo ṣì ń rò ó" tí kò lọ́jọ́ ni mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́.

Kí Ọlọ́run fi ọwọ́ tirẹ̀ bá ọwọ́ dókítà náà ṣiṣẹ́, kó fi ọ́ sílẹ̀ fún Rúkáyà, kó fi ọ́ sílẹ̀ fún èmi náà.

Tájù jókòó níwájú rẹ báyìí bí o ṣe ń kà á. Gbé ojú kúrò lórí ìwé, kí o bi í ní ohunkóhun tó bá wù ọ́. Kò ní purọ́ fún ọ. Èmi ni mo purọ́ nínú ilé yìí, mo sì ti jáwọ́.

Ìyá rẹ,
Sàlámátù.